Ta Ló Ń Yan Fídíò Nílé Aránṣọ?

Àwo ọbẹ̀ kan ló kọ́kọ́ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí aránṣọ tàn án láàárọ̀. Wọ́n fi ìlà pupa yí àwo náà ká, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bí O Ṣe Lè Mọ̀ Pé Ará Ilé Rẹ Ń Fi Májèlé Sí Oúnjẹ Rẹ." Rìmóòtù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ gbì.

Òun kọ́ ló wá irú fídíò bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti sọnù, ìròyìn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé nìkan ló ń wò, tọ̀sán-tòru, bóyá yóò rí ojú ọmọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé ká tó ní òun ló wò ó. Àná ni àwọn ọlọ́pàá mú un lọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì, òun nìkan ló sì sùn sínú ilé. Ta ló wá wọlé wá yan fídíò májèlé? Ẹ̀rù bà á débi pé ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn kọ́tìnì wò kó tó lè mú fóònù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀," ló wí nígbà tí wọ́n gbé ìpè náà. "Ẹnìkan ti wọ ilé mi."

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé ọ̀ràn ọmọ náà lé lọ́wọ́ ló pè. Má-Kánjú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe obìnrin yìí, nítorí pé bí ilé bá ń jó, yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé korobá sí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra díẹ̀, bàtà rẹ̀ kì í sì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó bá ti wọlé onílé. Sájẹ́ńtì tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò jọ ọ́ rárá, ara tirẹ̀ kì í gba ìjókòó.

Wọ́n dé. Sájẹ́ńtì yẹ ilẹ̀kùn wò, ó yẹ fèrèsé wò, ó wo abẹ́ ibùsùn. Kò sí àpá ẹsẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n já. Má-Kánjú bọ́ bàtà rẹ̀, ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó wá kí ìyàwó ilé.

"Májèlé!" ni Sájẹ́ńtì wí. "Mo ti sọ fún yín, mà. Ejò lọ́wọ́ nínú. Ọkọ obìnrin yìí ló pa ọmọ náà."

"Sájẹ́ńtì," ni Má-Kánjú wí, "ìyá ọmọ wà níbí."

Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sí aránṣọ lára. Kì í ṣe pé Sájẹ́ńtì kò nídìí láti fura. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, òun kọ́ ló sì bí ọmọ náà. Kí ọmọ náà tó lọ, ó ti pẹ́ tó ti ń kọ oúnjẹ ilé. Omi gan-an, ọ̀nà ilé ìwé ló ti ń rà á mu. Àwọn ará ilé kejì gbọ́ tí káfíńtà ń pariwo mọ́ ọn pé bí òun bá gbá fóònù yẹn mú, òun á fọ́ ọ mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ gbé báàgì ilé ìwé rẹ̀, kò sì padà wálé. Fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá yẹ ilé wò, wọ́n rí agolo mílíìkì kan nílé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Wọ́n ṣí i, lẹ́búlẹ́bú funfun ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe mílíìkì.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀," ni Má-Kánjú wí. "Ẹ máà pa tẹlifíṣọ̀n o. Ẹ sì má fọwọ́ kan rìmóòtù."

*

Yàrá tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá káfíńtà lẹ́nu wò kéré, fèrèsé rẹ̀ sì ga ju kéèyàn rí ìta lọ. Má-Kánjú ní kí aránṣọ jókòó sí igun, kó má sọ̀rọ̀. Ojú ọkọ rẹ̀ ti wú. Aránṣọ wo ọwọ́ rẹ̀, àwọn ọwọ́ tó kan ibùsùn tí wọ́n ń sùn lé, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá apànìyàn lòun fẹ́. Ìbéèrè náà dẹ́rù bà á ju yàrá náà lọ.

"Kí ló wà nínú agolo?" ni Má-Kánjú bi í.

"Oògùn ikán ni, mà. Mo máa ń pò ó, màá fi kun igi kí n tó kàn án."

"Kí ni oògùn ikán ń wá nílé ìdáná?"

"Kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ni mò ń kàn fún ìyàwó mi. Ọ̀rá tí oògùn wà nínú rẹ̀ ya, mo bá dà á sínú agolo tó ṣófo."

"Agolo mílíìkì."

"Òun ló wà nítòsí, mà."

"Ọmọ rí ẹ nígbà tó o ń dà á?"

Káfíńtà tẹ orí ba. "Ó rí mi. Ó ní kí nìyẹn. Mo ní kó lọ kàwé rẹ̀, pé kò kàn án." Ó fọwọ́ nu ojú. "Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jẹ oúnjẹ wa mọ́. Mi ò mọ̀ pé ìdí nìyẹn. Ọlọ́run ló rí mi, mi ò mọ̀."

"Irọ́!" ni Sájẹ́ńtì wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Irọ́ máa ń mọ́ ju báyìí lọ," ni Má-Kánjú dáhùn. "Ta ni yóò pa irọ́, tí yóò fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ rí òun?"

Ó yí sí aránṣọ. "Àbúrò mi, kí ni orúkọ tí ẹ máa ń pe ọmọ yẹn nílé?"

"Abẹ́rẹ́, mà. Ojú mi kò dáa tó mọ́ láti kékeré rẹ̀, òun ló máa ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

Má-Kánjú mi orí. "Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète. Ẹ jẹ́ ká padà sílé."

*

Nígbà tí wọ́n padà dé pálọ̀, fídíò àwo ọbẹ̀ ti lọ sí ìlà kejì. Òmíràn ti gba ipò rẹ̀: "Àwọn Ọlọ́pàá Tó Ń Bá Ajínigbé Ṣiṣẹ́." Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan rìmóòtù, ilẹ̀ tó bọ́ sí ló ṣì wà. Irun orí aránṣọ dìde. Ó ká apá mọ́ra, ó sì ń wo igun ilé kọ̀ọ̀kan bíi pé ògiri lè dá a lóhùn.

"Ta ló so tẹlifíṣọ̀n yìí mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì?" ni Má-Kánjú béèrè.

"Abẹ́rẹ́ ni. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Àkáǹtì ta ló fi ṣí i?"

Aránṣọ ronú. "Tirẹ̀ ni. Ó ní mi ò nílò tèmi, kí n kàn máa wò."

Má-Kánjú rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀. "Kò sẹ́ni tó wọ ilé yín. Ọmọ yín ló ń wò ó. Ó wà láàyè."

Orí àpò aṣọ àwọn oníbàárà ni aránṣọ jókòó lé, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà? A ti wo ibi tí fídíò tó ti wò máa ń kóra jọ sí. Kò sí ti májèlé kankan níbẹ̀. Ó ti pa gbogbo tirẹ̀ rẹ́."

"Ó pa ohun tó ti wò rẹ́. Kò lè pa ohun tí ẹ̀rọ ti mọ̀ nípa rẹ̀ rẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín, tó fọwọ́ kan aṣọ búlúù, àbúrò mi, kí lẹ máa ń gbé jáde fún un?"

"Aṣọ búlúù mìíràn ni, mà."

"Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe náà nìyẹn, àmọ́ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ọmọ yín rí lẹ́búlẹ́bú nínú agolo. Ó bi fóònù rẹ̀ pé kí ni lẹ́búlẹ́bú funfun tí kò lóòórùn. Ẹ̀rọ fún un ní fídíò kan nípa májèlé. Ó wò ó tán, nítorí ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rọ kò mọ ẹ̀rù. Ohun tó mọ̀ ni pé ó wò ó tán. Ó bá tún gbé èyí tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá."

Ó nàka sí ojú tẹlifíṣọ̀n. "Àwọn fídíò ẹ̀kọ́ aṣọ rírán wọ̀nyí, tiyín ni, tipẹ́tipẹ́. Májèlé, tirẹ̀ ni. Ajínigbé ńkọ́?"

"Tèmi ni," ni aránṣọ wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Èmi ni mo ń wò ó."

"Ojoojúmọ́?"

"Mi ò lè sùn, mà. Bí mo bá wo ọ̀kan tán, òmíràn á yọ. Mo rò pé bí mo bá dáwọ́ dúró, èyí tí mi ò wò ni Abẹ́rẹ́ yóò wà nínú rẹ̀."

Má-Kánjú sún àpótí rẹ̀ mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ kò le nígbà tó dáhùn. "Àkáǹtì kan náà ni. Ohun tí ẹ wò níbí, orí fóònù rẹ̀ ló ti ń bá a. Ẹ̀rọ rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni yín. Ó ti da ìbẹ̀rù yín pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ọmọ tó kọ oúnjẹ yín ń bá yín jẹun nínú àwo kan náà, kò sì mọ̀."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ojú tẹlifíṣọ̀n tún yí padà. "Ìyá Tó Ta Ọmọ Rẹ̀ Fún Ajínigbé." Aránṣọ ka á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó wá yé e. Ìbẹ̀rù ọmọ nípa ará ilé, ìbẹ̀rù ìyá nípa ajínigbé: ẹ̀rọ ti rán méjèèjì pọ̀, aṣọ tó sì jáde ni pé ìyá fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Níbikíbi tí Abẹ́rẹ́ wà, ó ń wo àkọlé yìí nísinsìnyí, ó sì ń gbà á gbọ́.

"Mo ti pa ọmọ mi," ni aránṣọ wí.

"Ẹ ò tíì pa á. Ẹ nu ojú yín. Lóru ńkọ́, ṣé àwọn fídíò àjèjì wọ̀nyí máa ń yọ?"

"Lóru kọ́. Lóru, ti ajínigbé nìkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ni àwọn àjèjì máa ń wá, mi ò kàn kà wọ́n sí títí di òní."

"Ẹ ṣeun. Ó ti yọ síìmù kúrò nínú fóònù. Ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà lójúmọmọ ló ń lò, tí wọ́n máa ń pa á nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń lọ sílé. Ibo ló ti máa ń rí i lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ilé ìkàwé," ni aránṣọ wí, kò tilẹ̀ ronú. "Ilé ìkàwé ńlá tó wà lẹ́bàá títì márosẹ̀. Fóònù rẹ̀ mọ ibẹ̀ ju bí ó ti mọ ilé lọ."

Sájẹ́ńtì ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Jókòó," ni Má-Kánjú wí.

"Mà, ọmọ wà níbẹ̀!"

"Ka ohun tó wà níwájú ẹ. Ó gbà pé ọlọ́pàá ń bá ajínigbé ṣiṣẹ́. Àjà mẹ́ta ni ilé ìkàwé yẹn ní, mọ́tò ń sáré lójú títì nísàlẹ̀. Bó bá rí aṣọ rẹ, fèrèsé ni yóò gbà, tàbí títì. Ìyá rẹ̀ pàápàá kò lè lọ."

Fídíò mìíràn yọ: "Bí O Ṣe Lè Kọjá Ibodè Láì Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Mọ̀ Ọ́." Sájẹ́ńtì jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù hàn lójú òun náà. Bí ilé ìkàwé bá ti ilẹ̀kùn lónìí, ọmọ náà lè má sí níbẹ̀ lọ́la.

*

"Kí ni ẹ̀yin àti ọmọ yín mọ̀ tí ẹ̀rọ yìí kò mọ̀?" ni Má-Kánjú béèrè.

Aránṣọ wo yàrá rẹ̀: àwọn aṣọ tí kò tíì ní apá, ìgò bọ́tìnnì, máṣíìnì dúdú tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà, èyí tí kò tíì gbà láti fi ti oníná rọ́pò.

"Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, abẹ́ máṣíìnì yìí ló máa ń sùn sí. Bí mo bá dáwọ́ ẹsẹ̀ dúró, á jí. Nígbà míì, mi ò ní aṣọ kankan láti rán, màá kàn máa wà á lásán, kó lè sùn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí àyàfi Abẹ́rẹ́. Bàbá rẹ̀ tó bí i ti kú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ju èmi àti ọmọ náà lọ."

"Ẹ wá ìró rẹ̀. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ẹ wò ó tán, ẹ wá òmíràn. Kí ẹ̀rọ gbàgbé gbogbo ohun tó kù."

Aránṣọ mú rìmóòtù. Èyí tó kọ́kọ́ rí jẹ́ ti bàbá arúgbó kan tó ń tún máṣíìnì ṣe, ìró rẹ̀ sì kún pálọ̀: *gìdì-gìdì-gìdì*. Ó wò ó tán. Ẹ̀rọ gbé ajínigbé wá, ó fò ó, ó wá máṣíìnì mìíràn. Ẹ̀rọ gbé májèlé wá. Ó sọ fún un pé òun kò fẹ́ irú èyí mọ́. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń padà wá.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó burú jù wá. Àwòrán ọmọbìnrin kan nínú kòtò, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ sì jọ ti Abẹ́rẹ́ gan-an. Wọn kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn. Ìka aránṣọ dúró lórí rìmóòtù.

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ òun ńkọ́?"

Má-Kánjú kò gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀. "Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, òun náà á rí i," ló wí.

Aránṣọ sunkún gidi, irú ẹkún tí kì í jẹ́ kéèyàn mí. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé ju kó tẹ fídíò yẹn lọ. Ó fò ó. Ó wá máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀.

Oòrùn ń lọ sílẹ̀. Má-Kánjú ti pe àgọ́ pé kí wọ́n tú káfíńtà sílẹ̀. Ó ti dé, ṣùgbọ́n Má-Kánjú ní kó jókòó síta, kó má tíì wọlé. Àwọn ìlà ojú tẹlifíṣọ̀n ti kún fún máṣíìnì, fún òwú, fún ẹsẹ̀ àwọn àgbà tó ń lọ sókè sódò. Lójijì, ọ̀kan yọ láàárín wọn: "Bí A Ṣe Ń Ki Òwú Bọ Abẹ́rẹ́ Fún Ẹni Tí Kò Ríran Dáadáa."

Aránṣọ dìde dúró. "Mi ò wá èyí. Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá èyí o!"

"Ẹ̀rọ lè fi òye ara rẹ̀ gbé e wá," ni Má-Kánjú wí, ṣùgbọ́n ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Òmíràn yọ lábẹ́ rẹ̀, nípa òwú àti abẹ́rẹ́ kan náà. Òmíràn tún yọ. Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ohun tó yí padà mọ́.

"Wọ́n ti pa íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀," ni Sájẹ́ńtì wí. "Ilé ìkàwé ti ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó tan iná. Aránṣọ ń fetí sí gbogbo ẹsẹ̀ tó ń kọjá lójú pópó, gbogbo rẹ̀ ló ń já a láyà, gbogbo rẹ̀ ló sì ń kọjá lọ. Nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún, ó rọra dún débi pé Má-Kánjú nìkan ló yíjú.

Abẹ́rẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná pẹ̀lú báàgì rẹ̀ láyà. Ó ti rù, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Kò sáré wá dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo Sájẹ́ńtì, ó wo fèrèsé, ó wá wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ajá tí kò fọkàn tán.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wo máṣíìnì yẹn?"

"Èmi ni, Abẹ́rẹ́ mi. Oògùn ikán ló wà nínú agolo yẹn. Ikán lásán ni wọ́n fi ń pa."

Ọmọ náà kò sọ pé òun gbà á gbọ́. Aránṣọ bu omi wá, ó nà án sí i. Abẹ́rẹ́ wo ife náà, kò gbà á.

"Ẹ kọ́kọ́ mu."

Aránṣọ mu ún dé ìdajì. Ojú ọmọ rẹ̀ kò kúrò ní ọ̀fun rẹ̀ títí tó fi gbé e mì. Síbẹ̀, kò gba ife. Ìyá gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Má-Kánjú na ọwọ́, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

Nínú òkùnkùn pálọ̀, aránṣọ lọ jókòó sídìí máṣíìnì. Kò fi aṣọ sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lásán. Ó pẹ́ kí Abẹ́rẹ́ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí ife wà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá kò bojú wò ó, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé yóò sá. Ó ń wà á lọ títí ó fi gbọ́ tí ife náà kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ṣófo.